Ògbufọ̀ Tí Ó Gba Ààyè Ìwé Bàbá Mi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìjókòó ojú kan, ẹ kú ìfaradà. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti ìlú òyìnbó níbí. Ilẹ̀ yàrá mi tutù bí ìdí àmù, ṣùgbọ́n mo fi àyà lé e. Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú àìsinmi. Ẹ̀gbọ́n mi Lámídì, ẹ kú iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kú wàhálà àwọn oníbàárà. Gbogbo agbo ilé wa ní Beyerúnkà, ẹni tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo kí yín o. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ojú sunkún ara wa.

Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n mi ni yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí, Bàbá. Etí yín ń gbọ́, ọpọlọ yín pé, èsì nìkan ni ẹnu yín kò lè fọ̀ mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù yín. Mo sì mọ̀ pé bí Ẹ̀gbọ́n mi bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wọ́n, ó lè ṣe wọ́n bíi kí wọ́n fò ó. Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fo ìlà kan. Ìdí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn nìyẹn. Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ohun tí a bá tẹ̀ tó ti di ẹ̀dà púpọ̀ nígboro, ọwọ́ ẹnì kan kò lè pa á rẹ́ mọ́.

Inú ń bí mi. Mo ti gbìyànjú láti fi sùúrù kọ ọ́, mo ya á, mo tún un kọ, mo tún ya á. Sùúrù ọ̀hún kò wá. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí lára mi.

Òjò ibí kì í rọ̀ bí tiwa. Òjò Ìbàdàn á kọ́kọ́ ránṣẹ́ síwájú, á ṣú dùdù lórí Màpó, á sán ààrá, gbogbo ìyá tó sá aṣọ á sáré. Bó bá rọ̀ tán, ó rọ̀ tán nìyẹn, oòrùn á jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Tibí ń ṣẹ́ wìnnìwìnnì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò pọ̀ tó ohun tí a á gbé garawa sí, kò sì kéré tó kí aṣọ ẹni gbẹ. Ẹni tí yàrá rẹ̀ fara ti tèmi, mo ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, n kò tíì mọ ojú rẹ̀. Ní Beyerúnkà, bí mo bá húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì péré, ẹnìkan á ti ní kí wọ́n wá oyin fún mi. Owó tí mo bá rí, ẹ mọ̀ pé mo ń fi ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ owó kọ́ ni mo wá sọ.

Ẹ ti bi mí rí lórí fóònù, Bàbá, pé kí ni mo ń ṣe níbi iṣẹ́ gan-an. Mo ní mo ń kọ̀wé sí kọ̀ǹpútà. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ṣé ó máa ń fèsì. N kò ṣàlàyé dáadáa lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n ṣe é báyìí, nítorí láìsí àlàyé yìí kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tó ń dùn mí. Prógíráàmù tí a bá kọ, kọ̀ǹpútà kò lè lò ó ní tútù. A ní láti sè é kó tó jẹ ẹ́. Bí ohun tí a kọ bá pọ̀, a nílò irinṣẹ́ kan tí yóò máa bójú tó sísè náà, tí yóò mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ gorí iná, àti èyí tó ti jinná tí kò yẹ kí a tún gbé padà. Irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lóríṣiríṣi. Òmíràn wà tó gbọ́ èdè kọ̀ǹpútà tààrà. Á dá wá, á dá ṣiṣẹ́, á dá lọ. Òmíràn kò gbọ́ ọ rárá. Èdè mìíràn ni wọ́n fi kọ ọ́, nítorí náà kò lè ṣe nǹkan kan àyàfi tó bá mú ògbufọ̀ dání. Ògbufọ̀ yìí kì í dá rìn. Á kó ìwé, á kó ọmọ, á kó ẹrù tí kò ní tú láéláé. Ẹni tó bá ń wo irinṣẹ́ náà nìkan á ní kò tóbi, àfi ìgbà tó bá ṣílẹ̀kùn tó rí àwọn tó tẹ̀ lé e.

Èmi mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi iṣẹ́ mi níbí, a ń kọ prógíráàmù fún àwọn tó ní ilé ìkẹ́rùsí, tí kọ̀ǹpútà wọn ti gbó tí kò sì láyè nínú. Nígbà tí wọ́n ń yan irinṣẹ́, mo sọ ọ́ nípàdé pé kí a wọn ohun tó ń tẹ̀ lé irinṣẹ́ kí a tó wọn irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Máníjà wa wò mí bí ẹni tó gbọ́ igbe ewúrẹ́, ó ní kí àwọn oníbàárà lọ ra kọ̀ǹpútà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ọmọ òyìnbó kan tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tèmi tún ọ̀rọ̀ yìí kan náà sọ, wọ́n ní ó ronú jinlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sára pátákó. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo ọ̀rọ̀ ara mi lára ògiri. Bí ẹ bá gbọ́ pé iṣẹ́ mi dára, Ìyá mi, ẹ máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bó ṣe ń dára nìyẹn.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ní Bẹẹrẹ. Àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí ẹ bá dàgbà tó nígboro Ìbàdàn, ẹ mọ bàbá mi. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ló tẹ káàdì ìgbéyàwó yín, tó tẹ ìwé ìsìnkú bàbá yín. Lẹ́tà òjé ni wọ́n ń lò nígbà náà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń tò ó. Àwọn lẹ́tà tó ń ti òkè òkun bọ̀ kò ní àmì Yorùbá, bàbá mi ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó òjé mọ́ abẹ́ wọn tó sì ń fi ayùn rẹ́ ẹ títí yóò fi di àmì. Nígbà tí ayé yí padà tí Ẹ̀gbọ́n mi ra kọ̀ǹpútà àlòkù, kọ̀ǹpútà náà kò mọ àmì Yorùbá rárá. Bàbá ní ẹni tó jó òjé sí abẹ́ lẹ́tà nígbà èwe rẹ̀ kò lè wá jẹ́ ẹni tí yóò tẹ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ní ìhòòhò nígbà ogbó. Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí kọ prógíráàmù tí yóò mú àmì wá nìyẹn, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ mi, èmi àti Dípọ̀.

Ọmọ Òkè-Àdó ni Dípọ̀, ọmọ tíṣà. Ká ní Ìbàdàn la wà, n kò rò pé a ó pàdé ju inú ọkọ̀ lọ. Òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ó mọ̀wé, ó lawọ́, ó ń dín dòdò fún mi lọ́jọ́ Sátidé, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tuntun ń pa á bí ọtí.

Prógíráàmù náà kò lè jinná níbí kí a kàn fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ máa tún ìrísí lẹ́tà ṣe kó lè bá ẹ̀rọ wọn mu. Wọ́n ní láti máa fúnra wọn sè é ní Bẹẹrẹ. Irinṣẹ́ sísè náà sì gbọ́dọ̀ lọ. Ibẹ̀ ni èmi àti Dípọ̀ ti yapa. Ó mú irinṣẹ́ tuntun kan wá, ó ń yìn ín, ó ní ó mọ́, ó yá, ó gbọ́n. Mo bi í pé ta ló ń tẹ̀ lé e. Ó ní èdè kan báyìí ni, pé gbogbo ayé ló ti ń lò ó. Mo ní kó gbé èdè náà kalẹ̀ ká wọ̀n ọ́n wò. Irinṣẹ́ rẹ̀ wọ inú díìsìkì kan, ike pẹlẹbẹ tí a fi ń gbé nǹkan láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ààyè sì ṣẹ́kù. Ògbufọ̀ rẹ̀ kún agolo bisikíìtì kan fọ́fọ́, díìsìkì lórí díìsìkì. Mo ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo ní ohun tí a fẹ́ sè kò ju iye ìka ọwọ́ kan lọ, àṣẹ díẹ̀ tí a tò tẹ̀ léra lórí ìwé pẹlẹbẹ kan tó fún un. Dípọ̀ ní ṣé a ó máa lo ọlọ títí ayé ni. Ó ní níbi iṣẹ́ òun, kò sẹ́ni tó ń béèrè bí nǹkan ṣe tóbi tó, ohun tó lè ṣe ni wọ́n ń béèrè. Mo ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe Bẹẹrẹ. Ó bínú, ó ní mo ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn. A fi ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀, tàbí kí n wí pé èmi rò pé a fi í síbẹ̀.

Ọ́fíìsì wá rán mi lọ sí ìlú mìíràn láti lọ tún iṣẹ́ oníbàárà kan ṣe. Kí n tó dé, Àlhájà kan tó ń gbé ní Mọlété ń padà sílé, Dípọ̀ sì ti gbé agolo bisikíìtì fún un. Dípọ̀ ní òun kò fẹ́ kí ẹnìkan tún máa dúró de ẹnìkan. Báyìí ni ògbufọ̀ ṣe wọ Ìbàdàn láìjẹ́ pé mo rán an.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn kí àlejò tó dé, kí àwọn ará ìgboro lè mọ̀. Ìwé yín ni. *Ohun Tí Mo Tẹ̀* lẹ pe orúkọ rẹ̀. Ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ ń sọ, Ẹ̀gbọ́n mi ń kọ. Ẹ sọ ti àwọn oníṣòwò méjì ní Ọjà'ba tí wọ́n ń tẹ ìwé èébú sí ara wọn, tí àwọn méjèèjì sì gbé e wá fún yín, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún tọ̀tún tẹ̀ ẹ́ fún tòsì, ẹ pa ẹnu mọ́. Ẹ sọ ti ìyá kan ní Oríta-mẹ́rin tó ti tẹ káàdì ìdúpẹ́ fún àwọn tó máa wá kí i kú ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ wá dìde lórí àìsàn, tó sì wá gba káàdì náà fúnra rẹ̀, ó ní òun náà ń dúpẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń sọ díẹ̀díẹ̀ fún mi lórí fóònù, a ó jọ rẹ́rìn-ín títí fóònù á fi já. Nínú òtútù ibí, ẹ̀rín yẹn ló ń gbé mi lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n nítorí pé kọ̀ǹpútà kò mọ àmì, tí Bàbá kò sì gbà kí ọ̀rọ̀ wọn wà ní ìhòòhò, Ẹ̀gbọ́n mi ń ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan bí àwòrán ni, wọ́n á fi ọwọ́ kan gbogbo àmì sí i. Àwòrán wúwo nínú kọ̀ǹpútà ju ọ̀rọ̀ lọ. Ojú ewé kan péré fẹ́rẹ̀ẹ́ kún díìsìkì kan. Ìdí tí wọn ò fi rí díìsìkì tó láti kó ẹ̀dà rẹ̀ sí nìyẹn. Wọn kò sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, nítorí Bàbá ní kí wọ́n dúró de lẹ́tà tí ọmọ òun ń ṣe bọ̀, kí wọ́n fi èyí tó dáa tò ó.

Ìgbà tí mo padà tí mo gbọ́ pé agolo ti lọ, mo sáré pe ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti wọlé, ó ti wọlé, kí n fọkàn balẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá ààyè gbà á. Wọ́n ní ó gbà á. Mo bi wọ́n bóyá prógíráàmù ti jinná. Wọ́n ní iná kò sí. Mo tún pè, wọ́n ní Bàbá sinmi díẹ̀, kò tíì máa sọ ìwé. Mo tún pè, wọ́n ní ara Bàbá kò fi bẹ́ẹ̀ le. Ẹ̀yin ará ilé, mo mọ̀ yín. Ẹ kì í ròyìn ibi fún ẹni tó wà lókè òkun. Ẹ ní kò níbi tó máa sá sí, kí ló fẹ́ fi ìròyìn ọ̀hún ṣe. Bí ẹ ṣe jẹ́ kí n máa rẹ́rìn-ín lórí fóònù nìyẹn nígbà tí apá ọ̀tún bàbá mi ti kú sórí ẹní.

Nígbà tí mo wá mọ̀ pé Bàbá kò sọ̀rọ̀ mọ́, mo ní kí wọ́n fi àwọn ojú ewé ìwé náà ránṣẹ́ sí mi bó ti wù kó rí, kí n tẹ̀ ẹ́ níbí, kí Bàbá lè rí i kó fọwọ́ òsì kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. N kò gbọ́ kí Ẹ̀gbọ́n mi sunkún rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi.

Wọ́n ní nígbà tí àwọn kó díìsìkì sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní kò sáyè. Àwọn sọ fún Bàbá. Bàbá bi wọ́n pé kí ló gba ààyè. Wọ́n ní àwọn àwòrán ojú ewé ìwé yín ni, àwọn ló pọ̀ jù. Bàbá kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá ní kí wọ́n tú u.

Tú u. Mo mọ bí ẹ ṣe sọ ọ́, Bàbá, mo mọ ohùn náà. Ohùn ṣọ́ọ̀bù ni. Láyé lẹ́tà òjé, bí iṣẹ́ kan bá dúró sórí tábìlì pẹ́ jù, ẹ ó ní kí wọ́n tú u, kí wọ́n dá lẹ́tà padà sínú àpótí, nítorí iṣẹ́ tó bá dúró ń jẹ lẹ́tà ẹlòmíràn. Kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀. Lẹ́tà wà nínú àpótí, ẹ ó tún un tò lọ́la bí ẹ bá fẹ́. Gbogbo ọjọ́ ayé yín lẹ fi ń tú nǹkan tí ẹ sì ń tún un tò. Ẹ rò pé kọ̀ǹpútà náà ní àpótí níbìkan. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé àwọn kọ̀, àwọn ní bó bá lọ, ó lọ nìyẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹ ní kí ni wọ́n ń bẹ̀rù, ṣebí lẹ́tà tí èmi Rábíù ń ṣe ń bọ̀ tí a ó fi tún un tò, pé ọ̀rọ̀ náà kúkú ò sí nínú ẹ̀rọ, ẹnu yín ló wà.

Ẹnu yín ló wà, Bàbá.

Ẹ sì tún ní nǹkan tí ọmọ ẹni fi ránṣẹ́ láti òkè òkun kò gbọdọ̀ sùn síta. Inú bí mi sí yín. Mo mọ̀ pé ọmọ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún bàbá rẹ̀, pàápàá nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n inú bí mi sí yín ju bó ṣe bí mi sí Dípọ̀ lọ. Ẹ rántí Alfa tó máa ń ti Ìlọrin wá? Bó bá ti dé báyìí, ẹ ó gbé ibùsùn yín fún un, ẹ ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọn á jẹ yín, ẹ ó ní ara yín yá. Ìyá mi á kùn, ẹ ó ní àlejò ni. Láti kékeré ni mo ti ń bínú sí ẹní yẹn. Ẹ ti fi yàrá yín fún gbogbo ayé tán, ó wá ku ìwé yín, ẹ tún gbé e fún ògbufọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rán níṣẹ́.

Àlejò náà kò tilẹ̀ jẹun. Nígbà tí wọ́n tú ìwé tán, tí ògbufọ̀ àti gbogbo ẹrù rẹ̀ wọlé tán, irinṣẹ́ Dípọ̀ jí, ó wò yíká, ó ní kọ̀ǹpútà náà kò lágbára tó láti gbé òun. Ó pa ẹnu dé. Kò se nǹkan kan jinná rí. Mo bi Ẹ̀gbọ́n mi bóyá wọ́n ṣì lè fa ìwé náà yọ, nítorí ohun tí a pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kì í lọ lójú ẹsẹ̀ bí a kò bá tíì gbé òmíràn lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé òmíràn lé e. Ògbufọ̀ ti tẹ́ ẹní rẹ̀ sórí gbogbo ibẹ̀ látọjọ́ náà.

Mo sọ fún Dípọ̀. Ó jókòó, ó gbá orí mú, ó bẹ̀ mí. Lẹ́yìn náà ó ní ó yẹ kí wọ́n ti ní ẹ̀dà nílé. Òtítọ́ ni, n kò sì lè dárí òtítọ́ yẹn jì í. A ṣì jọ ń wọ bọ́ọ̀sì kan náà láàárọ̀. Bó bá wọlé, mo máa ń wo ojú fèrèsé, bí ẹni pé nǹkan kan wà níta ju òjò lọ. Sátidé ti di ọjọ́ bí ọjọ́ yòókù fún mi.

Mo ti fi díìsìkì mìíràn ránṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. Prógíráàmù wà nínú rẹ̀, irinṣẹ́ wà nínú rẹ̀, kò sí ògbufọ̀, kò sí ẹrù. Mo kọ irinṣẹ́ náà fúnra mi, àṣẹ díẹ̀ ni tó tẹ̀ léra, ohun tí mo ní kí a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ lé àlejò yẹn jáde, gbogbo rẹ̀ pátá, kí ẹ tó fi tèmi sí i. Ó máa jinná, mo ti dán an wò lórí kọ̀ǹpútà tó gbó ju tiyín lọ. Àmì yóò wà lórí lẹ́tà, yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá kọ báyìí kò ní wúwo bí àwòrán mọ́, gbogbo ìwé Bàbá ìbá wọ inú díìsìkì kan ṣoṣo. Ààyè ti wà báyìí, Bàbá. Ààyè pọ̀ débi pé n kò fẹ́ ronú kàn án.

Ẹ̀yin ará ìgboro, ẹ̀yin ni mo bẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ ohunkóhun ní Bẹẹrẹ rí, tí bàbá mi sì sọ ọ̀rọ̀ kan tàbí tí ẹ jọ rẹ́rìn-ín, ẹ rìn dé ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ ọ́ fún Ẹ̀gbọ́n mi níwájú Bàbá. Bó bá jẹ́ òótọ́, yóò mi orí. Bí ẹ bá ń bù mọ́ ọn, ẹ ó rí ojú rẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo ló kù tí ará ìgboro kò lè sọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́jọ́ tí Bàbá sọ ìwé kẹ́yìn, ibi tó dé ni ọjọ́ tí ìyá wa kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọge ni wọ́n, wọ́n tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n wọn wá tẹ káàdì ìgbéyàwó. Bàbá ń to lẹ́tà, lẹ́tà òjé tó máa ń kọjú sẹ́yìn bí a bá ń wò ó. Bàbá ní ọmọge náà tẹjú mọ́ lẹ́tà náà, ó sì sọ gbólóhùn kan, pé gbólóhùn yẹn ni òun fi mọ̀ pé ìyàwó tí òun máa fẹ́ nìyí. Ó ku kí wọ́n sọ gbólóhùn náà ni iná lọ. Bàbá ní ó di ọ̀la. Ọ̀la ni agolo bisikíìtì dé.

Ìyá mi, láti kékeré ni mo ti ń bi yín. Ẹ ó fi gèlè bo ẹnu, ẹ ó ní kí n lọ bi bàbá mi. Mo ti bi bàbá mi títí, ẹnu ti pa dé. Ẹ̀yin lẹ kù. Ẹ má fi ojú lé mi sẹ́yìn mọ́, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ẹ fa àga, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, kí Ẹ̀gbọ́n mi tan kọ̀ǹpútà. Kí lẹ sọ fún un lọ́jọ́ náà?

Kí Ọlọ́run fún yín ní ìlera, Bàbá, kí ó dá ohun tó gbà padà, kódà kó jẹ́ díẹ̀. Kí ó jẹ́ kí n bá yín láyé, kí n fọwọ́ kan ọwọ́ yín. Ìyá mi, ẹ ó jèrè ìtọ́jú yín. Ẹ̀gbọ́n mi, mo bínú sí yín, mo sì ń rántí yín láàárọ̀ àti lálẹ́; kí iṣẹ́ ọwọ́ yín má bàjẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo Beyerúnkà, ẹ bá mi kí àwọn tó jọ ń jókòó ní Bẹẹrẹ, ẹ bá mi kí Àlhájà Mọlété, kò mọ ohun tó gbé, ẹ má dá a lẹ́bi.

Èmi ni ọmọ yín tí kò tíì bínú tán,

Rábíù